Ṣé ká gé igi tí lékeléke ń sùn sí? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí ẹyẹ àti àìsàn

Ọyẹ́ ti ń fẹ́, lékeléke ti kún pápá láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà, àwòdì ń yí lókè ọjà, lẹ́tà tó sì wọlé lórí ẹyẹ lóṣù yìí ju ti ajá àti ewúrẹ́ lọ pátápátá. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn. Ẹ̀rù yẹn ò burú, ibi tí ọ̀pọ̀ yín kọjú ẹ̀ sí ni mi ò fara mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń sin adìẹ ìbílẹ̀ àti pẹ́pẹ́yẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlárẹ́. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀, lékeléke ti sọ ọ́ di ilé, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rọ́ wá sùn síbẹ̀, tílẹ̀ bá fi máa mọ́ abẹ́ igi á ti funfun báláú. Bàbá àwọn ọmọ gbọ́ ní rédíò pé ẹyẹ tó ń ti ìlú òyìnbó wá ló ń gbé bird flu, àrùn tó ń pa adìẹ, kiri, wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ làwọn máa gé igi náà, àwọn ọmọ àdúgbò pàápàá ti ń fi kànnàkànnà ta wọ́n. Ṣé ká gé e ni, àbí kí n yáa ta àwọn adìẹ mi? — Ìyá Ìbejì, Ìlárẹ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ẹran. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n dá àáké dúró ná. Lékeléke tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe ará ìlú òyìnbó rárá, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ń yí ká, tí òjò bá ti ń wọlé wọ́n á gba òkè Ọya lọ láti lọ yé ẹyin, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé wọ́n á tún padà sọ́dọ̀ wa, tata ni wọ́n ń wá kiri, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ẹ̀yìn màálù sílẹ̀. Ọmọ wo ló dàgbà ní Ifẹ̀ tí ò na ìka sí lékeléke rí pé kó fún òun ní èékánná funfun? Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń sọ òkò lù wọ́n.

Ẹyẹ tí fáírọ́ọ̀sì bird flu fi ṣe ilé gan-an ni pẹ́pẹ́yẹ igbó àtàwọn ẹyẹ etí omi míì. Inú ìfun wọn ló ń gbé, èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣàìsàn kankan, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa fò, wọ́n á máa yàgbẹ́ sómi, fáírọ́ọ̀sì á sì wà nínú ìgbẹ́ yẹn. Tómi bá tutù ó lè pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, ooru àti oòrùn ni kì í jẹ́ kó pẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú ẹyẹ omi yìí ń sá fún òtútù Yúróòpù àti Rọ́ṣíà wá sí Nàìjíríà, àmọ́ ibi tí wọ́n ń rọ́ lọ jù ni àbàtà ńlá Hadejia-Nguru lápá Jigawa àti Yobe, àti adágún Chad. Igi máńgòrò Ìlárẹ́ kọ́ ni wọ́n ń wá bọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. 1997 ni H5N1, ìyẹn bird flu tó burú yìí, kọ́kọ́ mú èèyàn ní Hong Kong, èèyàn 18 ló mú, 6 kú, ọjà adìẹ ààyè ni wọ́n sì ti kó o. Lọ́dún 2005 ó pa ẹyẹ igbó tó lé ní 6,000 ní adágún Qinghai ní Ṣáínà, látìgbà yẹn ni gbogbo ayé ti ń nawọ́ sí ẹyẹ tó ń ṣí kiri. Nígbà tó di February 2006 ó bẹ́ sílẹ̀ ní oko adìẹ kan ní Jàjí, ní Kaduna, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ yẹ fáírọ́ọ̀sì náà wò, wọ́n rí i pé oríṣi tó yàtọ̀ síra ni, ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọlé. Ọwọ́ ẹyẹ igbó lè wà ńbẹ̀ o, mi ò jiyàn. Àmọ́ tó bá ti wọlé tán, ohun tó ń gbé e láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíì ni lọ́rì tó kó adìẹ ààyè, kéèjì tí wọn ò fọ̀, kíréètì ẹyin, bàtà ẹni tó jáde nínú pọ́tírì kan tó tún wọ òmíì láìṣan ẹsẹ̀. Ó lọ, ó tún padà ní January 2015.

Ó ti pa èèyàn ní Nàìjíríà rí, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan l'Ékòó, ní January 2007. Kárí ayé láti 2003, ó ti mú ju 900 èèyàn lọ, bí ìdajì wọn ló kú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì jẹ́ pé adìẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ tó ń ṣàìsàn tàbí tó ti kú ni wọ́n fọwọ́ kàn, tàbí kí wọ́n lọ sọ́jà adìẹ. Ẹ rí i báyìí pé ọwọ́ ni, kì í ṣe ojú ọ̀run.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lọ wò lónìí ni bàsíà omi adìẹ yín. Ó dá mi lójú pé abẹ́ igi yẹn ló wà, torí ibòòji. Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ tì í kí ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí ìgbẹ́ funfun tó ti gbẹ mọ́ etí ẹ̀, ìyẹ́ kan tàbí méjì tó léfòó, pẹ́pẹ́yẹ ti fi ẹnu rú u di ẹrọ̀fọ̀, adìẹ á wá tẹ orí bọ inú ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹyẹ igbó àti adìẹ ilé ti ń pàdé. Ẹ gbé e kúrò, ẹ gbé e sábẹ́ páànù, ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láràárọ̀, oúnjẹ wọn náà kí ẹ gbé e síbi tó ní òrùlé. Ẹ ya pẹ́pẹ́yẹ sọ́tọ̀ kúrò lára adìẹ, torí pẹ́pẹ́yẹ lè gbé fáírọ́ọ̀sì tí ara ẹ̀ á sì le koko, kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ yẹn má sì lọ máa wẹ̀ lódò. Adìẹ tuntun tí ẹ bá rà lọ́jà, ẹ má tú u sáàárín àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹ fi sí àgò tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ máa wò ó.

Àwọn ọmọ tó ń ta kànnàkànnà ni kí ẹ bá wí kíákíá. Lékeléke tó wà lórí igi ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àmọ́ èyí tí wọ́n bá ta lulẹ̀, wọ́n á sáré gbé e, ẹ̀jẹ̀ á kan ọwọ́ wọn, wọ́n á tu ìyẹ́ ẹ̀, wọ́n á yan án lórí iná tí ò tíì jó dáadáa, ọwọ́ kan náà ni wọ́n á fi nu imú. Ohun tí Bàbá Ìbejì ń sá fún gan-an làwọn ọmọ yẹn ń fọwọ́ ara wọn gbé wálé. Tí wọ́n bá sì gé igi, igi aládùúgbò làwọn ẹyẹ á kọjá sí, ẹ ò ní ní ibòòji mọ́, ẹ ò sì ní jẹ máńgòrò.

Ìgbà tí ẹ máa bẹ̀rù ni tí adìẹ bá ń kú lójijì, méjì lónìí, márùn-ún lọ́la, tí ogbe wọn dúdú, tí ojú wú. Newcastle, àrùn adìẹ míì, náà máa ń pa adìẹ bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, ọrùn á máa lọ́, ìgbẹ́ á di àwọ̀ ewé, ẹ ò lè fojú lásán mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, èmi náà ò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n. Ẹ má sáré pa èyí tó kù tà, mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyẹn torí owó ni, mo mọ̀ bí owó ṣe rí. Èyí tó ti kú, ẹ má sè é, ẹ má jù ú sódò. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dé ibẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì dókítà ẹran tó bá sún mọ́ yín kí ẹ tó sin ín, wọ́n á gba èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí láàbù ìjọba ní Vom, lẹ́bàá Jos.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní OAU. Àwọn àdán tó wà lórí igi nínú ọgbà wa pọ̀ gan-an, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ojú ọ̀run á ṣú. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń rà á lọ́wọ́ ọdẹ, ó ń fi se ata rodo, ó ní ẹyẹ lásán ni. Ẹlòmíì ní Ebola ni. Èwo ni ká gbà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àdán kì í ṣe ẹyẹ, ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú ni, bí tiwa náà ni, ìdí nìyẹn tí àrùn tó bá wà lára ẹ̀ kì í fi í nira fún un láti bá wa lára mu. Àdán ajéso aláwọ̀ koríko gbígbẹ ló wà lọ́gbà yín yẹn, òun náà ń ṣí kiri Áfíríkà, ó tó mílíọ̀nù 10 nínú wọn tó ń pàdé nínú igbó Kasanka ní Sámbíà láàárín October sí December.

Lọ́dún 1956, lára irú àdán yìí gan-an, ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí dìgbòlugi ajá, Lagos bat virus ni wọ́n sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí a ní ò fi bẹ́ẹ̀ ká a. Ti Ebola, àdán ajéso làwọn onímọ̀ fura sí jù pé ó ń gbé e nínú igbó, ṣùgbọ́n èyí tó wọ Nàìjíríà ní July 2014, bàálù ló bá wọ Èkó lára arìnrìn-àjò kan, èèyàn 20 ló mú, 8 kú, kò sẹ́ni tó kó o látinú ata rodo.

Ata tó ti hó dáadáa kọ́ ló ń já mi láyà. Ọ̀rẹ́ ẹ nígbà tó ń pa á ni, tó ń bó o, tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ta sí i lójú, tí ọ̀bẹ gé e níka. Ọdẹ tó mú un láàyè tó gé e jẹ ń kọ́. Sọ fún un pé kó fi sílẹ̀. Tí àdán bá gé ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó ha á lára, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kó sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà, kó má dúró de ọ̀la, abẹ́rẹ́ náà kó ṣì gbà á, torí dìgbòlugi tó bá ti hàn lára èèyàn kì í gbọ́ oògùn. Má sì dúró sábẹ́ igi wọn kí o máa la ẹnu wòkè. Àmọ́ kí ẹnì kankan má sọ pé kí wọ́n lé wọn o, àwọn àdán yìí ló ń gbé èso ìrókò jẹ, tí wọ́n ń yà á sọnù jìnnà réré, ìrókò tuntun tó ń hù nínú igbó, ọwọ́ wọn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà ẹran ni yín, kí ló kàn yín nínú àìsàn èèyàn? — Òǹkàwé, Ìjọ̀ka, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyewale Tomori, ọmọ Iléṣà yín níbẹ̀ yẹn, ìmọ̀ ìṣègùn ẹran ló kọ́kọ́ kà kó tó di ẹni tí gbogbo ayé ń ké sí tí fáírọ́ọ̀sì bá ń pa èèyàn. Ara ẹran ni púpọ̀ nínú àìsàn tuntun ti ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé Bàbá wa àtijọ́ ní Ìsọ̀kun, ẹyẹlé ti gba gbogbo àjà, ìgbẹ́ wọn ti ga lórí páákó síìlì. A fẹ́ tún ilé náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní òun máa gòkè lọ gbá a, ẹ̀gbọ́n yìí sì ń lo oògùn HIV (ẹ má kọ orúkọ mi o). Ṣé ewu wà níbẹ̀? — Àbúrò, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ewu wà, ẹ má jẹ́ kó gòkè. Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè kó tó ṣẹlẹ̀.

Nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé tó ti pẹ́ tó ti gbẹ, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Cryptococcus, ẹ̀yà ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu ni. Ara ẹyẹlé fúnra ẹ̀ le. Téèyàn bá wá gbé ìgbálẹ̀ gbígbẹ lé ìgbẹ́ yẹn, eruku á sọ, eruku náà ni wọ́n á fà símú, á dúró sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí agbára ara ẹ̀ pé, ó lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tí HIV ti dín agbára ara ẹ̀ kù, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ sínú awọ tó bo ọpọlọ, orí á máa fọ́ ọ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọrùn á gan, ibà á wà ńbẹ̀, iná á máa ta á lójú, wọ́n á máa fún un ní oògùn ibà àti oògùn orí fífọ́ títí tó fi máa pẹ́ jù. Tó bá ti gòkè rí, tó sì ń rí irú orí fífọ́ yẹn, kó lọ sí ọsibítù tó ti ń gba oògùn ẹ̀, kó sì sọ fún wọn pé òun kó ìgbẹ́ ẹyẹlé. Oògùn ẹ̀ wà tí wọ́n bá tètè mọ̀. Kó má dá oògùn HIV ẹ̀ dúró, òun ló ń dáàbò bò ó jù.

Bakitéríà kan tún wà lára ẹyẹlé àti ayékòótọ́, psittacosis ni àìsàn ẹ̀ ń jẹ́, ó máa ń jọ ibà àti ikọ́ àyà, ní 1929 sí 1930 ó mú èèyàn káàkiri ayé torí ayékòótọ́ tí wọ́n ń kó lọ tà nínú ọkọ̀ òkun. Àǹtíbáyọ́tíìkì ẹbí tetracycline ń pa á, àmọ́ dókítà ò ní rántí ẹ̀ àyàfi tí ẹ bá sọ pé ẹ ń sin ẹyẹ. Ẹ máa sọ ọ́, kódà tí wọn ò bá bi yín.

Ẹni tára ẹ̀ le ni kó gòkè. Kó má gbá a gbẹ. Kó fi páìpù tàbí ike tó ń fọ́n omi fọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo ẹ̀ títí tó fi máa rin gbindin, kó dúró díẹ̀, kó wá fi ṣọ́bìrì kékeré kó o sínú náílọ́ọ̀nù dúdú nígbà tó ṣì tutù, kó so ó pa. Ìbòmú tó le, ìbọ̀wọ́, aṣọ tó máa bọ́ síta kó tó wọlé. Bàbá àti àwọn ọmọ kéékèèké ò gbọdọ̀ sí nílé lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá parí, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí gbogbo ihò àjà, torí wọ́n máa padà wá lọ́jọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ: Mo kà á pé ẹ̀fọn lè gba àrùn lára ẹyẹ kó fún èèyàn. Ẹyẹ wo ni ká sá fún? — Tíṣà, Mọ́dákẹ́kẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ má sá fún ẹyẹ, ẹ̀fọn ni kí ẹ sá fún. West Nile ni fáírọ́ọ̀sì yẹn, 1937 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan tí ibà ń ṣe ní ẹkùn West Nile ní Ùgáńdà. Ara ẹyẹ ló ti ń pọ̀ sí i, ẹ̀fọn á mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ, á wá jẹ èèyàn. Nígbà tó dé New York ní 1999, àwọn ẹyẹ ìwò ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń já lulẹ̀ kú ní títì. Nínú èèyàn 10 tó bá kó o, bí 8 ò ní mọ nǹkan kan, ara àwọn yòókù á gbóná, nínú bí 150 ni ẹnì kan tó máa dé ọpọlọ, àwọn àgbà ló sì ń bá jà jù. Kò sí àjẹsára fún èèyàn.

Ohun tó ń dun èmi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní ọ̀dọ̀ tiwa gbogbo ara gbígbóná la ń pè ní ibà, ìyẹn malaria. Wọ́n á ṣe tẹ́ẹ̀sì, tẹ́ẹ̀sì á ní kò sí ibà, wọ́n á ṣì gbé oògùn ibà mì, tó bá ṣe ọjọ́ mẹ́ta wọ́n á tún ra òmíì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì. Tí tẹ́ẹ̀sì bá ní kì í ṣe ibà, ẹ jẹ́ kí dókítà wá ohun tó jẹ́. Ẹ̀fọn tó ń gbé West Nile fẹ́ràn gọ́tà tó dúró sojú kan tó ń rùn, òru ló sì ń jẹni, nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ká sórí àpótí yẹn, ẹ ta á.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹyẹ náà ló ń gbé Lassa? — Ìyá Arúgbó, Òkèsà, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Rárá Mà, eku ni. Ẹ dé gàrí yín, ẹ má sá gàrí tàbí èlùbọ́ sẹ́bàá ọ̀nà níbi tí eku á ti tọ̀ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, tọ́kì inú yìnyín tí wọ́n ń tà ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ṣé kò lè ní bird flu, nígbà tó jẹ́ pé yìnyín máa ń pa kòkòrò? — Àǹtí Rẹ̀mí, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Yìnyín kì í pa fáírọ́ọ̀sì yìí, ńṣe ló ń tọ́jú ẹ̀. Iná ló ń pa á, tí gbogbo inú ẹran bá ti gbóná dé 70 lórí ìwọ̀n Celsius ó ti kú, Salmonella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, náà á kú pẹ̀lú ẹ̀. Ìjọba ti fòfin de tọ́kì àti adìẹ inú yìnyín tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá, púpọ̀ nínú èyí tí ẹ ń rí, fàyàwọ́ ló gbé e wọlé, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, èmi á ní kí ẹ ra adìẹ ilé wa. Tí ẹ bá ti rà á tán, ẹ má jẹ́ kó yọ́ lórí tábìlì tí omi ẹ̀ á fi máa kán sára tòmátò. Ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹ fi gé e, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó fi gé nǹkan míì, ọwọ́ náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá jinná, ẹ ya á létí egungun wò, tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń yọ níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí iná.